Àga Eyín Tó Wọ Ọ́fíìsì Alága

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìjókòó gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí àga rẹ̀ bá ń mì, kó fi nǹkan há a lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé àga oníàga lòun jókòó lé, kó yáa dìde báyìí, ká má baà bínú síra wa tí ìtàn bá dójú ẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Àgbádárìgì tó ń jẹ́ Bọ́ládé Akíndé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán, kò ní wẹ̀yìn. Ohun tó kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ ni: Ọlọ́lá Jùlọ Olóyè Àgbà Bọ́ládé Akíndé, Alága Pátápátá fún Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Eyín Gbogbo Etí Òkun àti Etí Ọ̀sà. Ilẹ̀kùn kò gbà á tán. Wọ́n kọ èyí tó kù sára ògiri, ọ̀rọ̀ náà sì rìn títí ó fi dé ibi tí ilé ìgbẹ́ wà.

Kí ni Olóyè mọ̀ nípa eyín? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí ní ìbéèrè tó máa kó mi sí wàhálà. Eyín tirẹ̀ funfun báláú, ó sì gbà pé ìyẹn ti tó. Wọ́n ní funfun niyì eyín, Olóyè wá sọ iyì náà di ìwé ẹ̀rí. Àwòrán ẹ̀rín rẹ̀ wà ní oríta Mọ́wó, ó ga ju ilé epo lọ, ìyàwó onírúgbá kan sì ti bura pé òun ń rí i lójú àlá. Àṣírí kan wà ṣá, kó wà láàárín èmi àti ẹ̀yin: láti ìgbà tí wọ́n ti bí Olóyè, kò jẹ́ kí dókítà eyín kankan fọwọ́ kan ẹnu òun rí. Tó bá kófìrí dígí kékeré tí wọ́n fi ń wo èrìgì báyìí, á ti gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ́fíìsì àgbà ní Ìkẹjà fi àga eyín kan ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn eyín kékeré tó wà ní Mọ́wó. Àga yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àga. Ó lè rẹlẹ̀ títí dé orúnkún ọmọdé, kí ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ arọ lè fúnra rẹ̀ sún bọ́ sórí rẹ̀. Ó lè gòkè, ó lè dẹ̀yìn, ó sì ní ìrọ̀rí fún ọrùn àti ìbàdí ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá dúró. Nítorí àwọn àkàndá ẹ̀dá ni wọ́n ṣe rà á, ọdún mẹ́ta gbáko ni Dókítà Ruth, tó ń tọ́jú eyín ní Mọ́wó, sì fi kọ lẹ́tà kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Ẹni tó ń retí àga náà jù ni Ganiyat, obìnrin tó ń yan ẹja ní Topo. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti kékeré, orí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ wà ló ń gbé. Eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀ ti jẹrà. Àga àtijọ́ tó wà ní Mọ́wó ga fíofío, kì í sì í rẹlẹ̀. Nígbà kan tí ọkùnrin mẹ́rin gbé Ganiyat síbẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n jù ú sílẹ̀ gbì, ló bá ní tí ẹnikẹ́ni bá tún gbé òun bẹ́ẹ̀ láyé, òun á bu onítọ̀hún jẹ pẹ̀lú eyín tó ń dun òun náà. Dókítà gbìyànjú láti yọ eyín náà nínú kẹ̀kẹ́, ọwọ́ kò débẹ̀. Wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí ìgboro Èkó, àga ti ọ̀hún tún lọ wà lókè àtẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n to àga tuntun tán, Dókítà kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe Bàbá Dosu, ará Gun tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àti jẹnẹrétọ̀ ṣe. Afọ́jú ni Dosu. Bí Dókítà Ruth ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ẹni tí kò bá ríran, á kọ́kọ́ kó gbogbo irinṣẹ́ fún un kó fọwọ́ tọ́ ọ wò.

"Ohun tí ọwọ́ yín bá ti mọ̀, Bàbá, ẹ̀rù rẹ̀ kò ní bà yín mọ́."

Dosu fọwọ́ tọ́ àga náà láti ìrọ̀rí títí dé ìdí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó nawọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó kan irin kékeré kan lápá ọ̀tún.

"Kí lèyí, Dókítà?"

"Tí iná bá lọ, ìyẹn lẹ máa fà. Àga á rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Jìwhéyẹ̀whé!" Ó fi èdè Gun pe Ọlọ́run, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé hàn mí nìyẹn o."

Wọ́n dá ọjọ́ Jímọ̀ fún Ganiyat. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni Olóyè wá ṣe àbẹ̀wò, òun àti akọ̀wé rẹ̀ Mákánjú, ọkùnrin kan tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń nàró. Olóyè wo àga. Àga náà dúdú, ó ń dán, ó nípọn. Ó ní òun á jókòó díẹ̀ kí òun fi mọ̀ bóyá ó bá àwọn aráàlú lára mu. Mákánjú tẹ bọ́tìnì kan. Gììì! Àga bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ọkàn Olóyè náà sì ń bá a gòkè.

"Mákánjú."

"Sà!"

"Mélòó ni mo ga báyìí?"

"Ẹ ti kọjá ojú fèrèsé, sà. Tí ẹ bá yẹjú díẹ̀ sí i, ẹ máa rí Kútọnu."

Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa Olóyè. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wúkọ́, ó wá kéde pé ìwé àga náà kò pé, pé ó gbọ́dọ̀ padà sí ẹnubodè Seme kí wọ́n lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù gbé àga. Ọ̀nà Seme wà lápá kan, ọkọ̀ náà gba apá kejì, ó sì dúró níwájú ọ́fíìsì Olóyè. Àga wúwo ju ohun tí wọ́n lè gbé gun àtẹ̀gùn lọ, ni ọ́fíìsì bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá àga. Ìyàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí nísàlẹ̀ ni Alága Pátápátá kó wọ̀, ó fi kápẹ́ẹ̀tì pupa tẹ́ ẹ, ó sì kó ife ẹ̀yẹ tí wọ́n fún un nítorí ẹ̀rín rẹ̀ sórí tábìlì.

Láti ọjọ́ náà, ayé yí padà. Tí àlejò bá dé, ó gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí tó fi máa gbọ́ agogo. Tó bá wọlé, àga á ké gììì, Mákánjú á sì figbe bọnu: "Àga ń gòkè o!" Gbogbo òṣìṣẹ́ á tẹ̀ kòkò, wọ́n á dáhùn pé: "Kó máa gòkè lọ! Kí ẹni orí rẹ̀ pẹ́ lókè!" Wọ́n ṣe é lówùúrọ̀, wọ́n ṣe é lọ́sàn-án, wọ́n ṣe é nígbà tí obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ wá béèrè abọ́ rẹ̀. Olóyè tún ṣòfin pé ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ bá ká, ẹ̀yìnkùlé ni kó gbà wọlé, kó má baà ba ojú ìgbìmọ̀ jẹ́. Ìgbìmọ̀ ìtọ́jú eyín o! Bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu yín kó má ka eyín yín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Gbogbo ìgbà tí Dókítà bá pè, èsì kan náà ni Mákánjú ń fọ̀: "Àga ṣì wà ní Seme, Dókítà. Ẹ ní sùúrù." Sùúrù kì í wo eyín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ganiyat wú, ó wú títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sọ́rùn. Oògùn tí Dókítà fún un ń dá a dúró díẹ̀, ó tún ń padà wá. Dókítà fà á létí gbangba pé tí wíwú yẹn bá dé ọ̀fun, kò ní lè mí.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ni Ganiyat wí láti igun ẹnu tó kù fún un. "Ẹ kọ ìwé míì. Àbúrò mi á mú un lọ."

Àbúrò rẹ̀ yìí ni Abdulbasit, tó ń wa ọkọ̀ láti Topo sí èbúté. Adití ni. Ọmọ náà mú lẹ́tà, ó dé ọ́fíìsì, Mákánjú sì fọwọ́ sí i pé kó dúró kó gbọ́ agogo. Ẹ̀yin ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́. Wọ́n ní kí Abdulbasit dúró kó gbọ́ agogo! Ó dúró, dúró, nígbà tó sú u, ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

Olóyè nìkan ló wà nínú ilé. Ó ti bọ́ bàtà. Ó fi ọwọ́ kan mú pọ́fùpọ́fù, ó fi ọwọ́ kejì tẹ bọ́tìnì, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń kọ orin oríkì ara rẹ̀. Ó rí Abdulbasit, ó jágbe mọ́ ọn. Abdulbasit kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń jágbe, ó kàn rí i pé pọ́fùpọ́fù ń fò jáde. Ó gbé lẹ́tà lé Olóyè lórí itan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wo àga yí ká, ó rí orúkọ ilé ìwòsàn Mọ́wó tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹríba, ó jáde.

Olóyè pe Mákánjú wọlé, ó pa ẹ̀rín. "Adití ni, Mákánjú. Ta ló máa sọ fún?"

"Kò sẹ́nì kan, sà. Ọlọ́run ti bá yín dí i lẹ́nu."

Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ pé ojú ń sùn. Kí oòrùn tó wọ̀, Abdulbasit ti dúró ní èbúté Topo, ó ń fi ara rẹ̀ sọ ìtàn. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jẹ pọ́fùpọ́fù, ó fi ọwọ́ kọ orúkọ Mọ́wó sójú afẹ́fẹ́. Àwọn apẹja rẹ́rìn-ín títí àwọ̀n fi bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Ganiyat kò rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ àbúrò rẹ̀, omi sì ń jáde lójú rẹ̀, nítorí inú ń bí i gan-an.

Dókítà Ruth náà wá sí Topo láti wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ó fa ìbomú rẹ̀ sílẹ̀ kí Abdulbasit lè rí ètè òun, ó sì bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ọmọ náà fọwọ́ gbá àyà. Dókítà di àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ pa.

"Ó dáa. Ibi tí àga bá wà, ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a níbẹ̀ lọ́la."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀la yẹn gan-an ni Arábìnrin Jésùtófúnmi ń bọ̀ láti ọ́fíìsì àgbà ní Ìkẹjà. Òun ló fi àga ránṣẹ́, ó fẹ́ wá wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Olóyè ti kọ̀wé sí i pé àga kò tíì ti Seme dé, kó kàn wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìkíni náà sí ojú ìwé mọ́kànlélógún. Ó wá ní èrò kan. Wọ́n máa fi aṣọ àrán bo àga náà láti òkè délẹ̀, kó dà bí ìtẹ́. Obìnrin náà kò ní mọ̀ ọ́n. Tó bá wọlé, á bá Olóyè lókè téńté.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò, Mákánjú. Gbé mi."

Àrán ti bo àwọn bọ́tìnì. Mákánjú ń fọwọ́ wá a lábẹ́ aṣọ bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan. Àga gòkè dé ibi tó lè gòkè dé. Ó tẹ òmíràn. Ìrọ̀rí bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn.

"Ó tó, Mákánjú."

"Mò ń wá ibi tó ń dúró, sà."

"Mo ní ó tó! Orí mi ń lọ sílẹ̀!"

Orí Olóyè lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sókè, fìlà rẹ̀ ṣubú, agbádá rẹ̀ dà bò ó lójú. Ibi tó dé yẹn ni iná mọ̀nàmọ́ná lọ.

Mákánjú tẹ gbogbo bọ́tìnì, kò sí èyí tó dáhùn. Ó sáré lọ sí ìdí jẹnẹrétọ̀, ó fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro ó, jẹnẹrétọ̀ kàn ń wúkọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ fa Olóyè sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má fa òun, òun kì í ṣe ewúrẹ́. Wọ́n ń bá ara wọn fà á lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Arábìnrin Jésùtófúnmi wọlé. Ó wo bàtà méjì tó dojú kọ òrùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá ojú tó ni bàtà.

"Ẹ káàárọ̀, Alága."

"Ẹ káàbọ̀, ma," ni agbádá dáhùn. "Ẹ bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Àyẹ̀wò ni mò ń ṣe."

Obìnrin náà gbé etí àrán sókè. "Àga wa kọ́ nìyí? Ẹ ní ó ṣì wà ní Seme."

"Seme náà ni, ma. Ìyẹn ni pé, ẹ̀ka Seme nìyí."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí kẹ̀kẹ́ Ganiyat fi wọlé, Abdulbasit ló ń tì í, Dosu di èjìká rẹ̀ mú, Dókítà Ruth sì gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé wọn. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni Olóyè gbé ọ́fíìsì wá, kò sí àtẹ̀gùn kan tó dí kẹ̀kẹ́ náà lọ́nà. Dókítà kí gbogbo èèyàn. Kò bínú, kò pariwo. Ó fa ìbọ̀wọ́ wọ̀, fàà! Ó mú dígí kékeré jáde.

Ganiyat ló ń múra sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ohun tó sún mọ́ ojú rẹ̀ ló ń rí. Olóyè yọjú lábẹ́ agbádá, ó rí dígí.

"Yéè! Dókítà, ẹ má yọ ọ́! Ẹ má yọ eyín mi! Èmi ni mo gbé àga, mo jẹ́wọ́! Kò dé Seme, kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀! Mákánjú ló ní mo máa rí Kútọnu! Ẹ gbé àga yín, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ẹ má ṣáà fi nǹkan yẹn wo mí lẹ́nu!"

Arábìnrin Jésùtófúnmi mú kálàmù, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ganiyat ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti dín, ó ń mí gúlegúle. "Bàbá Dosu. Ẹ jọ̀ọ́."

Dosu ti wà nílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, ó nawọ́ sábẹ́ àrán, lápá ọ̀tún. Bí gbogbo àwọn olójú ṣe ń wò ó, ó kan irin kékeré náà, ó fà á. Àga mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé Alága Pátápátá fún Gbogbo Etí Òkun sílẹ̀ títí dé orúnkún ọmọdé, Olóyè sì yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ kú ìsọ̀kalẹ̀ o, Olóyè," ni Dosu wí, tọkàntọkàn. Ó ní kí wọ́n mú òun dé ìdí jẹnẹrétọ̀. Ó fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún nǹkan kan fún mọ́ra, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré. Iná dé, Mákánjú sì mú un padà wọlé.

Ganiyat wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sún mọ́ àga. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀ àga, ó gbé ara rẹ̀ sọdá, ó jókòó. Ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ó sinmi orí, ó mí, omi tún dé ojú rẹ̀. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n dúró títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi kú tipiri. Dókítà ní kó gbé ọwọ́ òsì sókè tó bá dùn ún, òun á dúró. Ó wá tẹ bọ́tìnì.

Gììì!

Kí n sọ òtítọ́ fún yín, Mákánjú kò mọ̀ ọ́n mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ orúnkún rẹ̀. Bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ igbe àga náà, orúnkún tẹ̀, ẹnu là: "Àga ń gòkè o!"

"Kó máa gòkè lọ!" ni àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn, gbogbo wọn tẹ̀ kòkò. "Kí ẹni orí rẹ̀ pẹ́ lókè!"

Olóyè wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń wá fìlà rẹ̀. Ó gbójú sókè. Gbogbo ẹni tó ń foríbalẹ̀ fún un lánàá ló dojú kọ obìnrin ẹlẹ́ja láti Topo, wọ́n ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí òun gẹ́lẹ́, ohùn kò sì yàtọ̀ rárá. Ìgbà náà ló tó yé e pé àga ni wọ́n ti ń kí láti ọjọ́ yìí. Ètè tirẹ̀ náà ti ń bá wọn dáhùn kó tó mọ̀.

Ẹ̀yin tó fẹ́ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ Olóyè ṣe parí, ẹ má ṣèyọnu. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, lẹ́tà ti dé láti Ìkẹjà, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ títí dé ilé ìgbẹ́. Wọ́n ká àwòrán ẹ̀rín rẹ̀ kúrò ní Mọ́wó. Rọ́bà rẹ̀ nípọn dáadáa, Topo ló wà báyìí, òun ni wọ́n fi ń bo ẹja nígbà òjò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí àga, torí eyín ṣì wà lẹ́nu. Dókítà mì ín díẹ̀, ó yí i, ó fà á. Ganiyat kò ké. Eyín náà jáde tòun ti gbòǹgbò. Dókítà kò rí abọ́ nítòsí, ló bá jù ú sínú ife ẹ̀yẹ Olóyè, ó dún kóló. Ọyún tó ti há sábẹ́ rẹ̀ dà jáde, òórùn rẹ̀ gba ilé kan, Ganiyat sì mí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mákánjú ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun dìde. "Kí lẹ tún fẹ́, ma?" ló bi í.

Ganiyat wò ó láti òkè. Ó wo Olóyè tó di fìlà mú láyà. Òwú kún ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn gbọ́ ohun tó sọ.

"Ẹ rẹ̀ mí sílẹ̀. Mo fi ẹja sórí iná."